Oúnjẹ Àjèjì Nínú Ìkòkò Wa

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ ìkòkò kéré jù fún ojú ìwé tí a yà sọ́tọ̀ fún èdè, ìtàn àti àṣà Yorùbá. A bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó rántí pé a lè lo odidi ọ̀sẹ̀ kan láìka ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ọjọ́ ń rọ̀ tí a kì í bèèrè pé, "Kí ni a ó jẹ lálẹ́?" Ohun tí ọmọ bá jẹ dàgbà, òun ni yóò máa pè ní oúnjẹ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí àgbà ń jókòó gbìmọ̀ lé lórí.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí jáde ni èdè-àìyedè kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìlú Festac, ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Agogo mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ti lù kí ó tó ti Ìsàlẹ̀ Èkó délé, nítorí ìdíwọ́ ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ọ̀nà Mile 2. Ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú kò tíì ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ tí ó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó gbé ìrẹsì tí a fi ẹ̀wà àti àgbọn sè síwájú ọkọ rẹ̀, bí wọ́n ti ń sè é ní Jàmáíkà, pẹ̀lú ẹja díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa wo àwo náà, ó ní, "Ìyá Délé, kí lèyí? Èmi kì í ṣe ará òkè òkun. Oúnjẹ ilé wa ni kí o fún mi." Obìnrin náà ní, "Bàbá Délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná. Àwọn ọmọ ti jẹ, wọ́n tilẹ̀ tún bèèrè sí i." Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní èbà ni òun yóò jẹ. Obìnrin náà padà sí ìdí iná, ó gbé omi kaná, ó tẹ èbà, ó bu ọbẹ̀ ata sí i. Ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ tán láìsọ̀rọ̀. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnìkan ṣoṣo sè ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan.

A kò fi ọ̀rẹ́ wa ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí ń ka ìwé yìí ni ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ àwo méjèèjì wò bí ìgbà tí a bá ń gbọ́ ẹjọ́. Gbágùúdá tí a fi ṣe gàrí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Bràsíl ni a ti kọ́kọ́ gbìn ín, ọkọ̀ òkun àwọn Potogí ni ó sì gbé e dé etíkun Áfíríkà. Àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíl padà bọ̀ àti àwọn Sàró wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí gàrí gbilẹ̀ láàrin wa ní ọ̀rúndún 19. Ata rodo tí ó wà nínú ọbẹ̀ náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tòmátì, àgbàdo, ẹ̀pà, kúkùndùnkún àti ìbẹ́pẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn babańlá wa mọ̀ kí àwọn òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1492.

Ẹ wá wo àwo tí ọ̀rẹ́ wa kọ̀. Ẹ̀wà inú rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbìn ín. Ìrẹsì ní irú kan tí ó jẹ́ ti Áfíríkà, èyí tí àwọn ará apá òkè Odò Ọya ti ń gbìn fún nǹkan bí 3,000 ọdún. Àgbọn náà ti òkun wá, ṣùgbọ́n ó ti kún etíkun wa láti Èkó dé Àgbádárìgì. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ da nǹkan wọ̀nyí pọ̀ ní Jàmáíkà sì jẹ́ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ wa sá fún àjèjì, ó sì sá lọ bá àjèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwo méjèèjì kò ju pé èyí àkọ́kọ́ ti pẹ́ nílé, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn.

Kí ni ó wá sọ èbà di tiwa? Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kì í ṣe ibi tí irúgbìn ti wá ni ó ń sọ oúnjẹ di ti ẹni, bí kò ṣe ohun tí a fi ọgbọ́n ẹni ṣe sí i. Nígbà tí àgbàdo dé, àwọn ìyá wa rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n jẹ́ kí ó kan, wọ́n sè é, wọ́n fi ewé pọ́n ọn, wọ́n sì pè é ní ẹ̀kọ. Kò sí ẹni tí ó tún lè bá wa du ẹ̀kọ lónìí. Búrẹ́dì náà ńkọ́? Ní ọdún 1913 ni ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ó yá, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó, iṣẹ́ náà sì gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Lónìí, ta ni yóò pe búrẹ́dì Agége ní oúnjẹ àjèjì nígbà tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà àgányìn? Orúkọ ẹ̀wà náà pàápàá ń jẹ́rìí pé àwọn àlejò láti apá Tógò àti Gánà ni wọ́n fi ọ̀nà tí a ń gbà sè é hàn wá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Bí ìlú kan bá sì wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù ìkòkò àlejò, Ìlú Festac ni. Lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì ni a kọ́ ọ sí, kí àwọn tí ó wá sí Àjọ̀dún Kejì ti Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà àwọn Aláwọ̀dúdú àti Áfíríkà lè rí ibùgbé. Ọjọ́ 15 oṣù January ọdún 1977 ni àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù February. Orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 ni ó rán ènìyàn wá. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ ni a pín àwọn ilé náà fún ará ìlú, inú wọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn olùkàwé wa sì ti tọ́ ọmọ dàgbà. Ọdún 2027 ni àjọ̀dún náà pé àádọ́ta ọdún. Yóò jẹ́ ohun ìtìjú bí ó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ó kù ní ìlú tí a kọ́ kí àwọn ọmọ Áfíríkà lè mọ ara wọn, tí àwa tí ń gbé inú rẹ̀ kò sì lè fọwọ́ kan oúnjẹ arákùnrin wa.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wá ní ọdún náà ni Gilberto Gil, olórin láti Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Bràsíl. Ohun tí ó rí ní Èkó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé àwo orin kan jáde ní ọdún 1977 kan náà, tí ó pè ní Refavela. Nígbà tí ó di ọdún 2005, tí Gil yìí kan náà jẹ́ Mínísítà fún Àṣà ní Bràsíl, ìjọba ilẹ̀ náà kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà wa ni. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe é, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, Ọya, tí àwọn ń pè ní Iansã, ni wọ́n sì fi ń bọ. Ṣùgbọ́n wọ́n là á láàrin, wọ́n sì fi edé àti ọbẹ̀ kan tí ó ki, tí wọ́n ń pè ní vatapá, sínú rẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa kì í ṣe. Àkàrà dé oko ẹrú, ó gba ohun tí ó bá níbẹ̀ mọ́ra, kò sì sọ orúkọ rẹ̀ nù. Ní Freetown bákan náà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni àwọn ọmọ àwọn ènìyàn wa ṣì ń pe ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bí oúnjẹ tiwa bá lè gba àyè ní ilé oní-ilé láìsọnù, kí ni ó dé tí a ó fi máa lé ti ẹlòmíràn sẹ́yìn ní ilé tiwa?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀tọ̀ ni kí àlejò wọlé, ọ̀tọ̀ ni kí ó lé onílé jáde. Àṣìṣe kan wà tí ó burú ju ti ọ̀rẹ́ wa lọ, ó sì ń gbilẹ̀ ní àwọn òpópónà Festac àti Amúwo. Àwọn ìdílé kan wà tí oúnjẹ òkèèrè wọn kì í ti inú ìkòkò jáde rárá. Inú páálí ni ó ti ń jáde. Rírà ni wọ́n ń rà á, wọn kì í sè é. Ọmọ inú ilé bẹ́ẹ̀ lè ka irú písà márùn-ún fún ọ láìdánudúró, ṣùgbọ́n bí o bá gbé àbùlà síwájú rẹ̀, yóò bèèrè pé kí ni. Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ayé. Owó ni a ń fi ra ìgbàgbé. Owó náà kò sì kéré. Láti oṣù June ọdún 2023, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí owó òkèèrè, gbogbo ohun tí ń ti òkun wọlé ti gbówó lórí lọ́nà tí gbogbo ìyá onílé mọ̀. Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, tàlíà àti índómì, òkèèrè ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ìjọba ti fi òfin dè é rí ní ọdún 1987, ṣùgbọ́n òfin náà kò pé ọdún mẹ́wàá kí a tó gbé e kúrò, nítorí ẹnu ti mọ́ ọn. Ẹnu tí ó bá mọ́ ohun tí ọwọ́ ẹni kò lè gbìn yóò di gbèsè.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a gba ọgbọ́n àlejò, kí a sì fi ohun ọjà wa sè é. Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro, kò sì gba àkókò tí ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé kò ní. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni ti Kẹ́ńyà. Wọ́n ní ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń pè ní sukuma wiki. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahili ni "ti ọ̀sẹ̀ síwájú", nítorí òun ni ó ń gba ìdílé nígbà tí owó bá ti ń tán lọ́wọ́. A ó rẹ́ ewé náà wẹ́wẹ́, a ó dín àlùbọ́sà àti tòmátì nínú òróró díẹ̀, a ó da ewé lé e, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí iná. Ṣọkọ̀ tàbí tẹ̀tẹ̀ láti ọjà Àgbójú yóò ṣe é dáadáa. Ugali tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ohun mìíràn ju òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo lọ, ẹni tí ó bá ti ro túwó rí ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Èkejì ni ti Gánà, èyí tí wọ́n ń pè ní waakye. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ewé ọkà bàbà sí omi rẹ̀, òun ni ó ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Pòròpórò ọkà bàbà wà lórí àtẹ gbogbo àwọn lẹ́kulẹ́ja wa. Fún àgbo nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n. A ó fọ̀ ọ́, a ó fi se ẹ̀wà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, a ó yọ ọ́ kúrò, a ó sì da ìrẹsì sí i.

Ẹ̀kẹta ni ti Jàmáíkà, èyí tí ó dá ìjà sílẹ̀. Fún ìdílé ènìyàn mẹ́fà, ife ìrẹsì mẹ́ta, ife ẹ̀wà kan àti odindi àgbọn kan tó. Kí a rẹ ẹ̀wà sínú omi ní òwúrọ̀ kí a tó jáde, kí ó má baà pẹ́ lórí iná ní alẹ́. Kí a rin àgbọn, kí a fún omi rẹ̀, kí a fi se ẹ̀wà tí ó ti rọ̀ náà pẹ̀lú ewé àlùbọ́sà, táìmù díẹ̀ àti iyọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a da ìrẹsì sí i, kí a sì gbé odindi ata rodo kan lé e lórí láìfọ́ ọ. Bí ìrẹsì bá jinná, kí a yọ ata náà. Òórùn rẹ̀ yóò kù, títa rẹ̀ kò ní pọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti Sẹ̀nẹ̀gàl, èyí tí wọ́n ń pè ní ceebu jën, ìyẹn ìrẹsì ẹlẹ́ja. Èyí yẹ fún ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í ṣe ti iṣẹ́. Ẹja tútù ni a ó dín díẹ̀, a ó sè é nínú omi tòmátì pẹ̀lú gbágùúdá, ìkàn àti kárọ́ọ̀tì, a ó kó ẹja àti ewébẹ̀ kúrò, omi rẹ̀ ni a ó sì fi se ìrẹsì. Àwọn apẹja Àwórì àti Ẹ̀gùn kò tíì fi ẹja wọ́n wa ní agbègbè yìí. Ìrẹsì ọ̀fadà pàápàá kò ní kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí oúnjẹ ìkẹyìn yìí, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ kan fún wa. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó jẹ́ bàbá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò sí ìnáwó Yorùbá tí a kì í ti í bá a. Orúkọ jọ̀lọ́ọ̀fù, láti ọ̀dọ̀ àwọn Wọ́lọ́ọ̀fù ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó ti wá. Ní ọdún 2021, àjọ UNESCO kọ ceebu jën sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà àgbáyé ní orúkọ Sẹ̀nẹ̀gàl. Síbẹ̀, àwa àti àwọn ará Gánà ni a ń fi ìrẹsì náà bú ara wa lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ìyá tàbí bàbá bá gbé oúnjẹ àlejò kalẹ̀, kí ó sọ fún àwọn ọmọ ibi tí ó ti wá, ẹni tí ó ń jẹ ẹ́, àti ohun tí a fi dípò ohun tí a kò rí. Kí a sì fún un ní orúkọ Yorùbá tí ó bá a mu. "Ẹ̀fọ́ tọ̀sẹ̀síwájú" kò burú lẹ́nu. Báyìí ni oúnjẹ alẹ́ yóò fi di ilé ẹ̀kọ́ tí a kì í san owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ wa sọ, kí ẹ má bínú. Obìnrin ilé ọ̀rẹ́ wa ti ibi iṣẹ́ dé, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó sì dáná lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá fẹ́ kí ìkòkò ilé ṣẹ́gun oúnjẹ páálí, ọwọ́ kan kò lè gbé e. Àwọn ọdẹ wa ń dáná nínú ìgbẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé wọn kì í ṣe ọkùnrin. Ẹni tí ó bá lè ṣa ẹ̀wà kí ó tó jáde ní òwúrọ̀, tí ó lè rin àgbọn ní alẹ́, tí ó sì lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ àṣà ju ẹni tí ó sọ̀rọ̀ wákàtí méjì ní ìpàdé lọ.

Nínú ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí ọjọ́ kan tàbí méjì jẹ́ ti àlejò. Kí ìyókù jẹ́ ti onílé: àmàlà, iyán, ẹ̀kọ pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀, àsáró, ìkókórè. Ọmọ tí kò mọ ti ilé rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi wọn ti ìta. Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ̀yin ni a ń wò. Nígbà tí àlejò bá wá kí yín láti ilẹ̀ mìíràn, ẹ má ṣe sáré ránṣẹ́ sí ilé oúnjẹ òyìnbó. Ẹ fi oúnjẹ wa ṣe é lálejò, kí ẹ sì bèèrè bí wọ́n ti ń se tiwọn.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa, a ti ka ọ̀rọ̀ yìí sí i létí kí a tó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni pé gbágùúdá kì í ṣe tiwa?" A ní ó ti di tiwa. Ó ní, "Ó dára. Èmi fúnra mi ni n ó rin àgbọn ní ọjọ́ Ojọ́rú." Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí iná kú ní ìdí àdògán wa, kí ó má sì jẹ́ kí a fi ebi lé àlejò jáde. Àṣẹ.